Orí Irin Tí Ó Ń Dán

Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ó máa ń ṣòro jù lọ fún ojú láti wò. Ẹni tí ó bá rò pé mo purọ́, kí ó pe ọmọ tí a bí sí Ìkìrun tàbí Òkukù, tí ó ń dá ojú irin kọjá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láràárọ̀, kí ó ní kí ó ṣe àpèjúwe ojú irin náà fún òun. Ọmọ náà yóò sọ pé irin méjì ni, pé wọ́n gùn lọ réré, pé òkúta wà ní abẹ́ wọn. Bí a bá tún bi í léèrè pé àwọ̀ wo ni irin náà ní, yóò ní dúdú ni, tàbí kí ó ní ó dà bí fàdákà. Ẹ̀gbẹ́ irin kì í ṣe dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ fàdákà. Ìpẹtà ni ó bò ó, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti obì tí ó ti gbẹ. Orí rẹ̀ nìkan, níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà, ni ó lè dán, èyí náà sì ní ìgbà tirẹ̀. Orí irin tí ó ń dán yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni ó kọ́ èmi àti àwọn ọmọ kan ní Ìgbayè ní ẹ̀kọ́ tí mo rò pé yóò wúlò fún olùkọ́ àti fún ẹni tí ó ń múra ìdánwò.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí n rán wa létí bí ojú irin ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Ìddó ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Láti Òṣogbo ni ó ti gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ó wọ Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní 1878 ni ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Èyí ni pé ọmọ tí ó gbọ́ ìró ìbọn ogun náà kò tíì di arúgbó tí ó fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Àlàfo tí ó wà láàárín irin kan àti èkejì lójú ọ̀nà yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe mìlímítà 1,067. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 2021 fẹ̀ jù ú lọ, mìlímítà 1,435 ni tirẹ̀. Ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà bá wọn.

Ẹni tí mo kọ́ ní ìwé nígbà kan rí, tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba báyìí, ni ó fi àpótí kan ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà ìlú náà fi ń ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀, pẹ̀lú ojú irin tirẹ̀ àti ohun tí ń fún un ní iná mànàmáná. Mo ti fi ẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá a máa wá sí ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ aròkọ. Mo to ojú irin náà sí orí tábìlì fún wọn, mo tan iná, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Gbogbo wọn hó yèè. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wí pé, "Bàbá, ó dára o, ṣùgbọ́n kò jọ tiwa." Mo bi í pé kí ni kò fi jọ ọ́. Ó wo ojú irin náà títí, kò rí ohun kan dì mú. Ó mọ̀ pé kò jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí kò jẹ́ kí ó jọ ọ́. Mo ní kí gbogbo wọn lọ fi ọ̀sẹ̀ kan ronú sí i, pé àwa fúnra wa ni a óò sọ ọ́ di ojú irin ilẹ̀ wa.

Ìwọ̀n ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Àlàfo ojú irin kékeré náà jẹ́ mìlímítà 16 àti ààbọ̀. Àwọn tí ó ṣe é pín ọkọ̀ tòótọ́ sí ọ̀nà 76 kí wọ́n tó gé tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pín 1,435, tí í ṣe ìwọ̀n ojú irin ìlú wọn, sí ọ̀nà 76 yóò rí i pé ó yẹ kí ó fẹ̀ tó mìlímítà 19, ó dín díẹ̀. Ojú irin tí wọ́n ń tà kéré ju bí ó ti yẹ lọ, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń fi í ṣeré ni ojú rẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára. Tiwa ńkọ́? Àwọn ọmọ pín 1,067 sí ọ̀nà 64, wọ́n rí mìlímítà 16 àti díẹ̀ ju ààbọ̀ lọ. Inú wọn dùn. Àlàfo tí kò bá tiwọn mu bá tiwa mu gẹ́lẹ́! Àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Gúúsù Áfíríkà àti ní New Zealand, níbi tí ojú irin ti fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú tiwa, ti ń lo ìwọ̀n yìí tipẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti fi 64 pín gbogbo ohun tí a fẹ́ gbé sí orí pákó wa. Ọ̀pẹ tí ó ga ní mítà 16 di sẹ̀ǹtímítà 25. Ọkùnrin tí ó ga níwọ̀n di ohun tí kò ju oríkèé ìka kan lọ.

Lẹ́yìn èyí, mo kó wọn lọ sí ibi tí ọ̀nà mọ́tò gbé dá ojú irin kọjá, a dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, olúkúlùkù mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ohun tí ó ti mọ̀ sílẹ̀, àfi ohun tí ó bá rí. Ní ọjọ́ náà ni ojú wọn là. Wọ́n rí i pé àwọn ìdábùú tí ó gbé irin dúró kì í ṣe igi, bí ti inú àpótí tí wọ́n fín bí ẹni pé pákó ni. Irin ni tiwa. Ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: ilẹ̀ olójò ni ilẹ̀ wa, ilẹ̀ ikán sì ni. Igi tí a bá tẹ́ sí abẹ́ òkúta nílẹ̀ yìí, oúnjẹ ni a tẹ́ fún ikán. Irin ìdábùú náà rí bí ọpọ́n gígùn tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n tẹ orí rẹ̀ méjèèjì wọlẹ̀ kí ó lè di òkúta mú, kí ojú irin má baà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọkùnrin kan rí i pé òkúta tí ó wà láàárín irin méjèèjì dúdú ju ti ẹ̀bá rẹ̀ lọ, nítorí epo tí ó ti ń kán sí i lára. Òmíràn rí i pé erùpẹ̀ pupa ti ń gun orí òkúta láti ẹ̀gbẹ́, àti pé koríko kì í hù káàkiri bákan náà, ó máa ń hù ní ìdì ní ìdì, níbi tí erùpẹ̀ bá ti rí ààyè jókòó.

Nígbà tí a délé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìdábùú inú àpótí sún mọ́ ara wọn ju ti wa lọ. A fi ọ̀bẹ gé ohun tí ó so wọ́n pọ̀, a sì tì wọ́n jìnnà sí ara wọn ní ìwọ̀n tí ìṣirò wa sọ. A fi páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n lórí kí fífín igi má baà hàn, a sì tẹ etí páálí náà wọlẹ̀ ní ìhà méjèèjì. A po ọ̀dà pupa, dúdú àti eérú pọ̀ títí ó fi jọ ìpẹtà, a fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kun ẹ̀gbẹ́ irin láti òkè dé ilẹ̀. Ní ti òkúta, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni ti ń kùnà nìyí, nítorí pé wọn a mú yanrìn bí ó ti wà. Òkúta ojú irin tí ó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún mìlímítà kan lọ lórí pákó wa. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dà bí ẹni pé ọkọ̀ ń sáré lórí àpáta. A lọ bu èérún tí ó kù nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, a fi ajọ̀ èlùbọ́ jọ̀ ọ́, a da èyí tí ó dúró lórí ajọ̀ nù, a sì fi asẹ́ ògi yọ ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò. Èyí tí ó kù láàárín méjèèjì ni a fi ọwọ́ tẹ́ sí àárín àwọn ìdábùú.

Bí a ó ṣe mú òkúta náà dúró tún jẹ́ ọgbọ́n kan. Bí a bá da gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà sí i lórí, yóò ká a jọ bí èbè ni. A fi omi là á, a sì kán ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ọṣẹ ni kì í jẹ́ kí omi ká jọ bí ìrì lórí ewé kókò, tí ó fi ń wọ inú òkúta lọ láìrú u. Síríǹjì ni a fi ń kán an díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó gbẹ, a gbọn erùpẹ̀ pupa tí a ti kù sí ẹ̀bá rẹ̀, a gé fọ́nrán àpò ìdọ̀họ wẹ́wẹ́, a rẹ ẹ́ ní aró ewé díẹ̀, a sì gbìn ín ní ìdì ní ìdì bí àwọn ọmọ ti rí i. A dín agbára gbogbo àwọ̀ náà kù pẹ̀lú eérú. Ìdí ni pé ẹni tí ó ń wo ohun kékeré lórí tábìlì, ojú òkèèrè ni ó fi ń wo ohun ńlá tí ó dúró fún. Àwọ̀ ohun tí ó jìnnà kì í sì í mú bí ti èyí tí ó wà nítòsí. Ẹ wo òkè tí ó wà lẹ́yìn Ìkìrun ní àkókò ọyẹ́, ẹ óò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Kí n dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò. Aròkọ aṣàpèjúwe tí ń kùnà, bí ojú irin inú àpótí ni ó ti máa ń rí: ohun gbogbo mọ́ tónítóní, ohun gbogbo dọ́gba, kò sì sí ibi kankan láyé tí a lè pè ní ilé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ pé ọjà kún, pé ariwo pọ̀, pé onírúurú ọjà wà níbẹ̀. Ọjà wo ni a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀? Ohun tí ń sọ àwòkọ di tòótọ́ ni àpá tí iṣẹ́ àti ìlò fi sí ara ohun náà. Àwọn baba wa mọ èyí. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣe àkó fún olóògbé tí ó lọ́lá, wọ́n máa ń gbẹ́ ère rẹ̀ kí ó jọ ọ́, wọ́n a sì wọ aṣọ olóògbé náà fún un, kí ẹni tí ó rí i lè sọ pé òun gan-an nìyí. Ojú irin náà ní ilà tirẹ̀. Ìpẹtà ni, epo tí ó kán ni, erùpẹ̀ pupa ni. Ẹni tí kò bá kọ ilà náà sí i, irin méjì lásán ni ó ṣe.

Ilà kan ṣoṣo ni ó wá kù, òun ni ó sì dá ìjà sílẹ̀. Àwọ̀ wo ni a ó fi kun orí irin? Àwọn ọmọ ní ìpẹtà ni, nítorí pé ohun tí àwọn rí ní ọjọ́ tí a lọ nìyẹn, wọ́n sì ní ìwé lọ́wọ́ láti fi jẹ́rìí. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo pa á láṣẹ pé kí àwọn kọ ohun tí ojú àwọn bá rí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a pe àgbà sí i. Bàbá kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú àwọn tí ń tún ojú irin ṣe, kí ó tó fi ẹ̀yìn tì wálé. A lọ pè é. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo pákó wa fún ìgbà pípẹ́. Ó yìn wá nítorí epo àárín irin. Ó ní kí a mú un pọ̀ sí i níwájú téṣàn, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni epo ti ń kán jù. Ó ní níbi tí ojú irin bá ti yí, kí a mú kí inú irin tí ó wà ní ìta dán díẹ̀, nítorí pé etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ a máa ha á níbẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọkùnrin kan wí pé, "Bàbá, àwọ̀ ìpẹtà ni a fẹ́ kùn sí orí irin, bí ó ti rí gan-an." Ojú bàbá náà yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí mi. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, orí irin ni a kọ́kọ́ máa ń wò láàárọ̀. Bí ó bá dán, ọkọ̀ kọjá lóru nìyẹn. Bí ó bá pọ́n, a ó bi ara wa léèrè pé kí ni ó dé. Orí irin tí ẹ bá kùn ní ìpẹtà, ẹ ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀ rí." Ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ sọ pé kò jọ tiwa dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Àwa kò bá ìgbà tiyín. Bí a bá ṣe é kí ó dán, irọ́ ni a óò pa nípa ohun tí àwa rí." Ilé dákẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo rí i pé ẹni méjèèjì ni ó ń gbèjà òtítọ́, àti pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni wọ́n ń sọ mọ́.

Iná mànàmáná ni ó bá wa parí ẹjọ́ náà dé ìdajì. Orí irin ni ọkọ̀ kékeré náà ti ń gba iná. Bí a bá fi ọ̀dà bo orí irin, iná kò ní kọjá, ọkọ̀ yóò sì dúró gbagidi. Ohun tí bàbá náà ń sọ nípa irin ńlá, irin kékeré náà ń sọ ọ́: níbi tí orí irin bá ti kú, ọkọ̀ kò rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó láti gba ẹ̀rí àwọn ọmọ náà dànù. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, wọ́n ti sọ ilé kan tí a ń pè ní Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ojú irin, kí ohun èlò àtijọ́ má baà ṣègbé. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé dídán orí irin sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú pamọ́. Ìlò ni ó ń bí i, àìlò ni ó sì ń pa á. Ìtàn ojú irin wa kò sì ṣe é fi gbólóhùn kan ṣoṣo parí. Lẹ́yìn àwọn ọdún tí ọkọ̀ èrò kò fi rìn déédéé, wọ́n tún ọ̀nà Èkó sí Kánò ṣe, ọkọ̀ èrò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá ọdún 2012. Irin tí ó ti pọ́n tún dán.

Báyìí ni a ṣe parí rẹ̀. Ojú irin méjì ni ó wà ní iwájú téṣàn wa lórí pákó: ọ̀kan tí ó lọ tààrà, àti ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí ọkọ̀ ẹrù ti máa ń dúró gba kòkó àti iṣu. Èyí tí ó lọ tààrà ni a fi aṣọ nu orí rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ti ẹ̀gbẹ́ ni a kùn ní ìpẹtà láti orí dé ìdí, a sì gbin koríko sí àárín rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo irin mọ́lẹ̀. Bàbá náà wò ó, ó ní irú ojú irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàì sí nígbà tiwọn náà. Àwọn ọmọ wò ó, wọ́n ní ẹ̀rí àwọn wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yí ohùn rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò sì pa irọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ojú irin ní agbègbè yìí kò pọ̀ mọ́, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dín kù. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe èyí tí a kọ sínú ìwé kan. Ta ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé epo a máa pọ̀ níwájú téṣàn? Bákan náà ni ti aláró, ti alágbẹ̀dẹ àti ti ahunṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ àpèjúwe í ṣe, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹ fún un ní ohun kan kí ó ṣe àwòkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ààrò, ìbáà ṣe òfì. Ẹ jẹ́ kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó wò ó títí, kí ó sì lọ bi ẹni tí ó lò ó ní ìbéèrè nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè láti dáhùn. Nígbà tí ó bá wá gbé gègé, kò ní máa wá ọ̀rọ̀ kiri.